Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Ọlọ́dà Kọ́

Fún-wọn-nínú-ẹ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Nígbà tó yá, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú. Obìnrin tó ń ṣe bàtà ni. Yàrá kan tó ń rùn fún gọ́ọ̀mù àti awọ ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di ẹni tó ní iléeṣẹ́. Lọ́dún tí èrè kọ́kọ́ wọlé dáadáa, ẹ̀rọ tó ń fa eruku kúrò níbi iṣẹ́ ló rà, torí ikọ́ ń da àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàmú. Láti ìgbà náà ló ti di oníwàásù. Yóò wọ ọ́fíìsì àwọn oníléeṣẹ́ bíi tirẹ̀, kò sì ní mu omi tí wọ́n gbé fún un tán kó tó sọ ọ́: "Lára àwọn tó yí yín ká lẹ ti ń jẹ. Ẹ fún wọn nínú ẹ̀." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á rántí ìpàdé tí kò sí.

Ọlọ́dà nìkan ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló ni iléeṣẹ́ ọ̀dà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ò tíì ní nǹkan kan. Ó ní òun á kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ òun sẹ́yìn iléeṣẹ́.

"Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lẹ ń da ìdọ̀tí ọ̀dà sí tẹ́lẹ̀?" obìnrin náà bi í.

"A ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Àbí o ò gbà mí gbọ́ ni?"

Ó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà, òun ló sọ̀rọ̀, ó ní kí àwọn òbí kó ọmọ wọn wá. Ó rọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ tíṣà pé kó wá kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Àbúrò náà mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, ọmọ kékeré aláròyé tó máa ń béèrè ìdí ohun gbogbo, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní Lọ́yà mi.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run Lọ́yà. Lẹ́yìn náà, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi wá di ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri: á bẹ̀rẹ̀, á gbàgbé. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní òjé ti wọ̀ ọ́ lára, irú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà láyé àtijọ́. Ó béèrè ibi tó ti ń ṣeré.

Obìnrin náà gba ọ́fíìsì Ọlọ́dà lọ tààrà.

"Kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn?"

Ọlọ́dà ò wo ojú rẹ̀. "Kíkó rẹ̀ ò tán bọ̀rọ̀. A da iyẹ̀pẹ̀ tuntun lé e lórí. Mo rò pé ó tó."

"Ọmọdé ń fọwọ́ gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún! Ilé tí a fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o!"

"Rọra. Ṣebí ìwọ lo ní kí n ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, ó ń dá àwọn òbí padà. Ìyá kan di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ká kó wọn wá. Níbo la ó tún kó wọn lọ?" Obìnrin oníbàtà náà kó bàtà kúrò nínú ilé ìkẹ́rùsí tirẹ̀, ó to bẹ́ǹṣì síbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa kàwé. Ìjọba ti ilẹ̀ ọ̀hún pa. Òun àti Ọlọ́dà ò kíra mọ́.

Ìgbà tó lọ bẹ àbúrò rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bá yín jà," tíṣà wí. "Ẹ béèrè, wọ́n parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì máa wá. Tí mo bá rí yín, ọjọ́ tí ẹ pè mí wá síbẹ̀ ni mo ń rí."

Lọ́yà yọjú lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó wo obìnrin náà títí, ó kúnlẹ̀, ó kí i bí ẹni ń kí àlejò tí kò mọ̀ rí: "Ẹ káàsán, mà."

Obìnrin náà dáhùn. Ó padà sínú mọ́tò, ó sì sunkún títí awakọ̀ rẹ̀ fi sọ̀kalẹ̀, tó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó lè rí àyè sun ún tẹ́rùn.