Apẹ̀rẹ̀ Tó Padà Wálé

Ẹsẹ̀ ni Lazhar fi ti apẹ̀rẹ̀ náà sábẹ́ àga. Etí rẹ̀ ṣì yọ síta. Ó fi ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bò ó.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti se kuskus, oúnjẹ ọkà alátá, fún Wajdi, ọmọ wọn, ó ti yọ gbogbo eegun inú ẹran bí àwọn wọ́dà ṣe fẹ́. Wọ́n dá a padà bó ṣe wà. Wọ́dà ní ọmọ náà ò jẹun mọ́, ó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó ní àfi tí wọ́n bá gbé òun dé iwájú adájọ́. Kí ni Lazhar fẹ́ wí fún ìyá ọmọ náà? Ibi tó ti ń rò ó ló ti rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn: ìjíròrò lórí ìwé òfin ilẹ̀ wa, gbogbo ènìyàn la pè. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ìwé òfin yìí náà ni Wajdi sọ ní ilé kọfí tí wọ́n fi mú un. Ìyẹn ni Lazhar fi ń ṣọ́ ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì aláwọ kan tó dá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí àwọn tó ń ta ọlọ́pàá lólobó.

Níwájú, wọ́n ń jiyàn lórí agbára ààrẹ àti ti ilé aṣòfin. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ò yé e. Àfi ìgbà tí agbẹjọ́rò obìnrin kan, Rafika, sọ pé òfin ò gbà kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé ju oṣù mẹ́rìnlá lọ láìdá ẹjọ́ rẹ̀. Lazhar fi ìka kà á lórí itan. Oṣù kẹrìndínlógún Wajdi rèé.

Ó nawọ́. Ó ní òun kàn ń béèrè fún aládùúgbò òun kan ni, pé tí oṣù náà bá ti kọjá ńkọ́?

Ọkùnrin sísanra tó wà níwájú rẹ̀ yíjú padà. "Ṣé aládùúgbò yín náà ló di oúnjẹ fún yín, ẹ̀gbọ́n? Látìgbà tí ẹ ti jókòó ni òórùn ata yín ti ń pa mí lébi. Ẹ bù fún wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ká ẹ̀wù kúrò, ó sì rí nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n so mọ́ etí apẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé tí kò mọ irú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ó rọra dá ẹ̀wù padà sórí rẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n má bínú. Ẹ̀rín dá.

Rafika sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, tòun ti bírò. "Bàbá, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tì í mọ́lé lọ́jọ́ kan sí i. Lónìí ni màá kọ̀wé sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi, àti ẹni tó bí i."

Lazhar wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bírò oníjákẹ́ẹ̀tì náà ti dúró, ó ń retí. Tí wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́la, ta ni yóò máa gbé apẹ̀rẹ̀ lọ? Tí kò bá sì sọ̀rọ̀... ọjọ́ kẹsàn-án.

"Wajdi," ó ní. "Wajdi ọmọ Lazhar."

"Ta ni Lazhar?"

"Èmi náà ni."

Ó gbọ́ bí bírò méjèèjì ṣe ń ha ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sórí itan, ó dì í mú. Ó ṣì wúwo. Èwo nínú ìwé méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ, kò mọ̀.