Omi Ẹ̀wà Dúdú Tí Yẹ̀kínì Gbé Wálé

Ọdún mẹ́fà ni Yẹ̀kínì fi ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ọkọ̀ òkun kí àìsàn ẹsẹ̀ tó dá a dúró. Nígbà tó padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1956, Wòsílátù ìyàwó rẹ̀ rò pé aṣọ ni yóò kọ́kọ́ jáde nínú àpótí rẹ̀. Agbada irin kan tó fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò ńlá ló jáde, àti ìgò omi dúdú mẹ́ta.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe, Bàbá Mùnírátù?"

"Oúnjẹ ni. Ará Ṣáínà ni ọ̀gá mi nínú ọkọ̀. Òun ló kọ́ mi."

Wòsílátù rò pé àwàdà ni. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná lóòótọ́, ó gbé agbada ka iná, ó ń da ìrẹsì àná pọ̀ mọ́ ẹyin, edé àti àlùbọ́sà eléwé. Àwọn obìnrin agbo ilé pé jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣẹ́jú síra wọn. Ojú ti Wòsílátù. Òun tó ń yan ẹja tà, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọbẹ̀ dídùn, ọkọ rẹ̀ ló wá ń dáná fún un!

Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá Yẹ̀kínì, na ọ̀pá sí ìgò náà. "Yẹ̀kínì, ṣé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú nǹkan yìí?"

"Wàláì, Màmá, ẹ̀wà ni. Wọ́n á bò ó mọ́ iyọ̀ fún oṣù púpọ̀ títí á fi kan, wọ́n á wá sẹ́ omi rẹ̀."

Ìyá tọ́ ọ wò. Wọ́n tún bù sí i. Wòsílátù náà jẹ. Ó dùn, ìyẹn gan-an ló sì bí i nínú. Ní Jímọ̀ kejì, Yẹ̀kínì din ẹja, ó po ṣúgà mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti atalẹ̀, ó dà á lé e lórí.

"Ẹja mi lẹ da ṣúgà sí?" Wòsílátù bá a fa ọ̀rọ̀ náà títí, ṣùgbọ́n egungun nìkan ló kù nínú àwo rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìgò kẹta fi gbẹ. Yẹ̀kínì wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Ìkòròdú, ó wọ òmíràn lọ sí Èkó, ó wá omi ẹ̀wà náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ òfìfo ló gbé bọ̀. Ó gbé agbada kọ́ sára ògiri, kò sì yà sílé ìdáná mọ́.

"Ṣé nítorí omi dúdú lẹ ṣe ń fajú ro báyìí?" ni Wòsílátù bi í.

Yẹ̀kínì wo agbada tó wà lára ògiri. "Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọkọ̀, ibà dá mi gbálẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ mi. Ọ̀gá Lín, ará Ṣáínà tó kọ́ mi, nìkan ló ń wọlé tọ̀ mí. Á fi omi púpọ̀ se ìrẹsì títí á fi yọ́ bí ẹ̀kọ mímu, á fi atalẹ̀ àti ẹja sí i, á wá kán omi ẹ̀wà yẹn lé e. Ọjọ́ mọ́kànlá, Wòsílátù. A ò sì tíì gbọ́ èdè ara wa nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà tí wọ́n jẹ́ kó kan kò kúrò lọ́kàn Wòsílátù. Irú ńkọ́? Ṣebí wọ́n ń bo òun náà kó tó di irú? Lọ́jọ́ ọjà, ó ra irú lọ́wọ́ obìnrin Agbọ̀wà kan, ó sè é pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà tó ti jóná díẹ̀, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Òórùn ti àkọ́kọ́ lé gbogbo agbo ilé jáde, ó dà á nù. Èkejì ṣeé fi sẹ́nu. Ó se ìrẹsì títí ó fi yọ́, ó gé ẹja àrọ̀ àti atalẹ̀ sí i, ó kán omi irú náà lé e, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀.

Yẹ̀kínì tọ́ ọ wò. "Kì í ṣe òun."

"Mo mọ̀."

"Irú ni?"

"Irú ni."

Ó tún bu ṣíbí kan, ó tún bu òmíràn. "Iyọ̀ pọ̀. Atalẹ̀ ló sì yẹ kó ṣáájú ẹja."

"Ẹ dìde kí ẹ wá fi hàn mí, nígbà náà."

Yẹ̀kínì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, Wòsílátù sì sún àpótí ìjókòó kan sẹ́bàá iná fún un. Láti inú yàrá, Ìyá Àwẹ̀ró ń béèrè bóyá wọ́n ti bu tàwọn sọ́tọ̀.