Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ọkọ̀

"Ó tún ti gbé ìdí sókè o, Bàámi!"

Ọ̀gá Onísípíríìngì yọ orí lábẹ́ ọkọ̀. Òótọ́ ni ọmọbìnrin rẹ̀ sọ. Sípíríìngì kúkúrú mẹ́rin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sábẹ́ ọkọ̀ náà kó lè wálẹ̀. Iwájú wálẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn náà wálẹ̀, àmọ́ bí ọmọ ṣe ṣí kọ́kọ́rọ́ báyìí, pọ́ǹpù inú búùtù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ padà síbi tó wà láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

"Kí ló ń ṣe é gan-an?" Ọmọ jókòó padà sórí pákó tí bàbá rẹ̀ gbé lé búlọ́ọ̀kù méjì, tó sọ di bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù. Pákó náà tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó dún kẹ̀ẹ̀.

"Kò sóhun tó ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn, tí ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, ọkọ̀ á fún atẹ́gùn sínú ṣọ́ọ̀kì, á gbé ara rẹ̀ sókè. Kò mọ̀ pé sípíríìngì ló kúrú. Ó rò pé èèyàn ló wà níbẹ̀."

Àwọn méjèèjì wo ìjókòó ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ogún ọdún ni ìyàwó rẹ̀ fi jókòó síbẹ̀, lọ́wọ́ òsì, tó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí ìjókòó. Òun á wà níwájú bíi dẹ́rẹ́bà. "Màdáámú, ibo là ń lọ?" ni yóò máa fi dá a lápàárá, ìyẹn á ní, "Wa ọkọ̀ ẹ jàre, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù." Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti kú. Láti ìgbà náà, bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ yìí, àfi àná tí ọmọ wá sọ pé òun ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, pé òun fẹ́ mú ọkọ̀ ìyá òun dání, kó sì bá òun mú un wálẹ̀ bíi tàwọn ẹgbẹ́ òun. Ó gbà. Ẹnu ló fi gbà o, ọkàn rẹ̀ ò tíì gbà rárá.

"Bàámi, ẹ má bínú o. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ tó ń wọn gíga ọkọ̀ fún pọ́ǹpù. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a gbọ́dọ̀ dín in kù. Ẹ ò fọwọ́ kàn án."

"Mo gbàgbé."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún nídìí sípíríìngì, ẹ gbàgbé?"

Kò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìdí irin náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fà á padà. Bó bá dín in kù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọkọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.

"Ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" ni ọmọ béèrè.

"Atẹ́gùn á kún ṣọ́ọ̀kì títí, á bẹ́ mọ́ ọ lójú ọ̀nà."

"Ẹ gbé sípánà wá nígbà náà, kí n ṣe é."

"Jókòó jẹ́ẹ́!"

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ padà. Ó yí nọ́ọ̀tì títí irin náà fi dín ní ìbú ìka méjì, ó sì jáde. "Ṣí kọ́kọ́rọ́."

Ọmọ na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó ṣí i, ó sì sún sẹ́yìn. Atẹ́gùn jáde, ṣììì. Ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, ó bá iwájú dọ́gba. Inú ọmọ dùn, ó pàtẹ́wọ́.

Àfi bí ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ṣe tún tẹ̀. Ó rọra tẹ̀, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá tẹ̀ tán, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fa ẹsẹ̀ kan wọlé. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ gbà mí! Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń ràn, síbẹ̀ irun ọwọ́ bàbá dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàámi..."

"Sípíríìngì tuntun máa ń wọlẹ̀ díẹ̀," ni ẹnu rẹ̀ sọ. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń wu ọkàn rẹ̀ kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé.

Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ àkísà, ó lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Òórùn ìpara tí ìyàwó rẹ̀ fi ń pa ẹsẹ̀ fẹ́ sí i nímú.

"Màdáámú," ó ní, "a ti débẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wàyí. Ọmọ fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́." Ó na ọwọ́ bó ṣe máa ń na án fún un.

Ìdí ọkọ̀ gbéra, apá kan kọ́kọ́ gbéra, èkejì tẹ̀ lé e. Atẹ́gùn jáde, ṣììì, ọkọ̀ sì dọ́gba. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Omi ti bọ́ lójú ọmọ. "Ṣé kí n máa lọ, Bàámi?"

"Máa lọ. Rọra rìn lójú kòtò o, ìdí ọkọ̀ ẹ ti wálẹ̀."

Ó ń wò ó títí tó fi yà níkòríta. Kò sóhun tó tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ó padà wá jókòó sáàárín pákó rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sún sí ìkángun kan.

"Jókòó," ó ní.

Pákó náà tẹ̀, ó dún kẹ̀ẹ̀.