Wọn Ò Rí Bọ́ọ̀lù Níyì Gbá

“Ó tún ti fọwọ́ kàn án!” Àrìnpé nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. “Ìyàwó, kí ló wà nínú àpò funfun yẹn?”

Olúkẹ́mi tẹjú mọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí. Òun náà ti rí i láti pálọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà. Níyìolúwa, àkọ́bí rẹ̀, tó ń fi bésíbọ́ọ̀lù jẹun ní Amẹ́ríkà, dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àpò kan nílẹ̀, ó fi pa àtẹ́lẹwọ́, ó fẹnu fẹ́ ẹ, kó tó ju bọ́ọ̀lù. Géńdé tó mú igi dání fì í tagbáratagbára. Afẹ́fẹ́ ló gbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó tẹ̀ lé e ṣe.

“Oje igi tí wọ́n lọ̀ ni, Àǹtí,” ni Rónkẹ́, àbúrò Níyì, wí. “Kí bọ́ọ̀lù má baà yọ̀ lọ́wọ́ wọn ni.”

“Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́?”

Nígbà tó kan ẹgbẹ́ kejì láti jù, ajubọ́ọ̀lù tiwọn náà bẹ̀rẹ̀, ó mú àpò náà. Àwọn ẹgbẹ́ Níyì kò rí tirẹ̀ gbá.

Àrìnpé pàtẹ́wọ́. “Ẹ ò rí i? Òun náà ti ṣe tirẹ̀ wá! Oògùn pàdé oògùn, ìdí nìyẹn tí kò fi sí góòlù.”

Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, nígbà tó wálé fún Kérésì,” Àrìnpé rẹ ohùn sílẹ̀, “ṣé ilé yìí nìkan ló dé?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Olúkẹ́mi láyà. Lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé Níyì kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó wá ṣe Kérésì, ó padà, kò sì sẹ́ni tó tún rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dáadáa. Nítorí rẹ̀ ni Olúkẹ́mi fi sọ fún Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé òun máa ṣe ìdúpẹ́ lọ́la. Ta gan-an ló wá fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó dìde lọ sí kíṣìnì, ó fara ti ògiri.

“Olúwa, mi ò lè gbé irọ́ wá síwájú pẹpẹ rẹ. Bí ọwọ́ ọmọ mi bá mọ́, jẹ́ kí ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, kí n fojú mi rí i.”

Ìgbà tó padà dé, eré ti ń lọ sópin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló mú igi. Níyì jù ú. Páà! Bọ́ọ̀lù fò, ó kọjá ọgbà, ó já sáàárín èrò. Ìyẹn nìkan ti tó fún ẹgbẹ́ kejì láti borí. Eré parí.

“Yéè!” Rónkẹ́ káwọ́ lérí.

“Ògo ni fún Ọlọ́run!” Kí Olúkẹ́mi tó mọ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Màmá! Àwọn Bùọ̀dá Níyì ni wọ́n nà o!”

“Ó ti jẹ ohun tí wọ́n ní kó má jẹ nìyẹn,” ni Àrìnpé ń kùn.

“Àǹtí mi, ó tó.” Olúkẹ́mi kò sọ̀rọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ohùn Níyì ti wálẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú. Bọ́ọ̀lù kan péré ló bà á jẹ́. Ṣé ẹ gbàdúrà fún mi lónìí?”

Olúkẹ́mi dìde lórí ìkúnlẹ̀.

“Mo gbàdúrà, ọkọ mi. Ọlọ́run sì gbọ́.”

“Ó gbọ́ kẹ̀? Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe nà wá ni?”

“Mo rí i,” ó fi etí ìró nu ojú. “Lọ jẹun. A ń jó lọ́la.”