Igi Òdòdó Kan, Àwọ̀ Méjì

Ayàwòrán ni àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé tèmi ni. Òdòdó ló máa ń yà. Á kó wọn sínú jọ́ọ̀gì, á gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa wò ó, á máa yà á. Ohun tí ojú òun bá rí nìkan ni òun ń yà, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ sì yá nígbà náà, òdòdó kì í rọ kó tó parí.

Nígbà tí àìsàn wá kọ lù ú, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, èmi ni mo kó ẹrù mi lọ bá a. Mò ń se oúnjẹ, mò ń gbálẹ̀, mò ń kọrin sí i létí, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ya àwòrán kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbín tó ń gun igi. Tó bá ti ṣíwọ́, á fi aṣọ bò ó. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó.

Inú mi dùn, mo ní ọmọ ìyá mi ti ń bọ̀ sípò. Àṣé mi ò rí nǹkan kan! Bí àwòrán yẹn ṣe ń tẹ̀ síwájú ni ojú rẹ̀ ń fà ro. Á wo jọ́ọ̀gì, á nu ojú, á tún wò ó. Mo bi í títí, ó ní kò sí nǹkan.

Àfi bó ṣe ránṣẹ́ pe Káfíńtà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òun ló máa ń kan férémù sí àwòrán rẹ̀. Mo rò pé férémù ló wá wọ̀n, mo ti ń jó bọ̀ láti ilé ìdáná. Mo bá a tí àbúrò mi na àpótí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí i.

"Gbà, fún ẹni tó bá lè lò ó. Mi ò yàwòrán mọ́ láyé mi."

Káfíńtà gbá àpótí mọ́ra bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. "Ṣé torí ọwọ́ òsì yìí ni?"

"Ọwọ́ kọ́. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n tó bá yá. Ojú mi ni. Àbí orí mi. Àìsàn yẹn ti bà á jẹ́." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó. Ẹ̀yin ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n èèyàn. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ sọ."

Ó ká aṣọ kúrò. Mo sún mọ́ ọn.

"Jọ́ọ̀gì yìí wọ́," mo wí. "Ó dà bí aboyún tó ń wá ibi tó máa jókòó sí."

Káfíńtà wúkọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì wò tán. Ìmọ́lẹ̀ kan wà ní ikùn jọ́ọ̀gì náà, kò ju hóró ìrẹsì lọ, fèrèsé yàrá wà nínú rẹ̀ tigun-tigun! Ewé kan wà tí kòkòrò ti jẹ ihò sí lára, mo sì rí ewé mìíràn láti inú ihò yẹn. Òdòdó funfun kan dorí kodò bí ìyàwó tuntun. Orin bọ́ lẹ́nu mi:

*Òdòdó tó ń wò mí,*
*èmi náà ń wò ọ́ o,*
*ta ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́jú*
*nínú àwa méjèèjì?*

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orin sílẹ̀. Ẹ wo àárín."

Mo wo àárín. Òdòdó kan ṣoṣo, lórí igi kan ṣoṣo: apá kan yẹ́lò, apá kejì pupa, bí ìgbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń fa fìlà kan mọ́ra wọn lọ́wọ́.

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, yẹ́lò ni," ó wí. "Mo sùn, mo jí, mo wò ó, ó ti di pupa. Ohun tí ojú mi rí ni mo yà. Ojú tó bá wá ń rí pupa níbi tí yẹ́lò wà, kí ló kù fún ayàwòrán?" Ó tún nu ojú. "Ẹ̀rù ń bà mí láti bi yín. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé yẹ́lò ni."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan àwòrán. Etí òdòdó pupa náà ya, ó rí ṣákaṣàka bí eyín òòyà. Yíya yẹn! Mo mọ̀ ọ́n!

"Yéè! Èmi ni mo já eléyìí! Lẹ́yìn ilé Káfíńtà! Wáyà ọgbà ló fà á ya mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Káfíńtà la ẹnu. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ń já òdòdó ìyàwó mi? Ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń bá jà láti ọjọ́ yìí!"

Mo sọ bó ṣe jẹ́. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí àbúrò mi tó jí, tí mo bá ń gbá yàrá yẹn, òdòdó tí mo bá rí tó ti ń doríkodò, mo máa ń yọ ọ́ sọnù, mo máa fi tútù sí i. Ta ni í gbé òdòdó tó ti kú síwájú ẹni tí ara ẹ̀ ò yá? Yẹ́lò rọ, pupa ni mo rí, mo fi pupa dí i. Èmi ò mọ̀ pé ayàwòrán ń dúró de òdòdó àná. Lójú tèmi, òdòdó lòdòdó ń jẹ́.

 Àbúrò mi wo jọ́ọ̀gì, ó wo àwòrán, ó wò mí.

"Ojú mi ò bàjẹ́," ó wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ojú mi ò bàjẹ́!" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, omijé náà ń bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Káfíńtà ti gbé àpótí sórí tábìlì. "Gba ẹrù ẹ o jàre, ó wúwo."

"Ṣùgbọ́n jọ́ọ̀gì yẹn ṣì wọ́," mo wí.

"Mo gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi." Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi ẹnu ṣí ìdérí ọ̀dà. Mo wá rí òdòdó funfun kan tó ti rọ nínú jọ́ọ̀gì, ọwọ́ mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ jáde! Kíákíá! Ẹ jáde fún mi ní yàrá yìí!"

Fèrèsé fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Láti ìgbà àìsàn yìí, jẹ́jẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò, bí ẹni tó ti ń dágbére. Ẹni tó jágbe mọ́ mi yìí, àbúrò mi gan-an ni. Mo káṣọ mi sókè, mo jó jáde.