Aṣọ Tí Kì Í Yọ́ Nínú Omi

Nígbà tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ púlọ́mbà ru sókè lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan, kò bínú. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó fi aṣọ àtijọ́ dí ẹnu ọ̀nà kí omi má baà wọ yàrá, ó sì dúró wò ó. Omi náà ga títí dé etí àwo, ó dúró díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ti kọ́ ọ pé omi tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ kò rí ọ̀nà gidi. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gba ara nǹkan kọjá ni.

Jẹ́-ó-ṣàn ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn tó bá parí iṣẹ́ nílé oníbàárà. Yóò tẹ omi, yóò nàró, yóò ní, "Jẹ́ ó ṣàn." Kó tó kúrò, yóò ṣe ìwàásù kúkúrú kan. Ohun mẹ́ta péré, ó ní, ló yẹ kó wọ inú àwo yẹn: ohun tó ti ara ènìyàn jáde, tíṣù, àti omi. Gbogbo ohun yòókù, garawa ìdọ̀tí ni ilé wọn. Ó ti sọ ọ́ fún ọlọ́jà, ó ti sọ ọ́ fún dókítà, ó sì ti sọ ọ́ fún adájọ́ kan tó sùn lọ níbi tó ti ń sọ ọ́.

Ní báyìí, ilé tirẹ̀ ló dí.

Lẹ́ẹ̀kìíní, rọ́bà onígi ló fi fà á, ó sì ṣàn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wáyà gígùn wọ inú páìpù, ó ta lu nǹkan kan, nǹkan náà yẹ̀ fún un, ó ṣàn. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó gbé irin, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì ṣí ìdérí ihò tí páìpù ilé ti ń pàdé páìpù ìgboro. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà sísàlẹ̀, ó fà.

Ohun tó jáde gùn tó apá rẹ̀. Ó lọ́ bí okùn, ọ̀rá tó ti ilé ìdáná wá sì ti mú un le. Ó gbé e sórí kọnkéré, ó tú u. Wáìpù ni, aṣọ pẹlẹbẹ ọlọ́rinrin tí wọ́n ń kó sínú ọ̀rá, irú èyí tí àwọn abiyamọ fi ń nu ọmọ. Ó ka mẹ́rìnlélógójì kó tó sú u. Kò sí èyí tó ya nínú wọn.

"Jẹ́-ó-ṣàn," onígbàjámọ̀ tó ń gbé ilé kejì pè é láti orí ògiri, "àbí tìrẹ kọ̀, kò ṣàn?"

"Irun tí ò ń gé ló wá bá mi nínú páìpù."

"Irun oníbàárà mi dúdú, ọ̀rẹ́. Èyí tó wà níwájú rẹ yìí funfun. Irun àgbà ni."

Púlọ́mbà kò rẹ́rìn-ín. Ó da garawa bo òkìtì náà, ó sì ń retí ìyàwó rẹ̀.

Olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀, ọ̀sán ló sì máa ń dé. Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó wo ohun tó wà lábẹ́ garawa, ó yíjú.

"Ẹ bò ó. Mi ò tíì jẹun."

"Ta ló ń ju wáìpù sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì?"

"Èmi lẹ̀ ń wò."

"Ìwọ lo máa ń fi í nu ojú tó o bá ti ibi òde dé."

"Inú garawa ni mò ń jù ú sí. Olówó orí mi, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù yín. Tẹ́ ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè kà á lórí. Ohun tó ti ara ènìyàn jáde, tíṣù, àti omi."

"Ta wá ni?"

Àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà níléèwé tí wọ́n ń gbé, wọn kò wálé láti oṣù méjì.  Tọkọtaya náà jọ gbé ojú sókè wo fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, tí aṣọ rẹ̀ wà ní títa.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi ṣe olórí àwọn tó ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó ń dá gbé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ṣubú lórí àkàsọ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sán. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ló wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sílé ọmọ rẹ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn dá a sílẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ keje. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń sọ lójoojúmọ́ pé òun yóò padà sílé òun. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó gbọ́ pé omi tún ru, ó ti sọ ọjọ́.

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ni omi yín ti ń ru," ló sọ. "Ẹsẹ̀ mi kò bá ilé yín mu. Mo ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Sátidé ni yóò wá."

Báàgì rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Tá a bá sọ fún un, ó lọ nìyẹn," ìyàwó wí. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò ní ké, kò ní jà. Yóò kàn dìde ni."

"Tá a ò bá sọ ńkọ́?"

"Ó ṣì ń lọ ní Sátidé, á sì gbà pé ẹsẹ̀ òun ló ba ilé yín jẹ́."

"Ìwọ ọmọ rẹ̀ lo lè sọ ọ́."

"Èmi? Obìnrin tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí póò, kí n wá máa kọ́ ọ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì?"

"Ó dáa, kí èmi sọ ọ́. Èmi tí mò ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó bi í bóyá ó sùn dáadáa."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi lọ. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ yé òun. Láti ìgbà tí ìbàdí ti ń dun ìyá, kò lè yí ara dáadáa, tíṣù gbígbẹ kò sì tó o mọ́. Ó ní ẹni tó wà nílé ìtajà oògùn ló fi wáìpù hàn án.

"Kí ló dé tí kò jù ú sínú garawa?"

"Ta ló ń da garawa yẹn nù láràárọ̀?"

Púlọ́mbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ni.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó sì mú òfìfo ọ̀rá wáìpù kan jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i lára gàdàgbà pé ó ṣeé fi omi tì lọ. Ìyá wọn kì í lo ohunkóhun láì kà á, ohun tó bá sì kà ló máa ń ṣe. Púlọ́mbà ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí lára oríṣiríṣi ọ̀rá. Ó dá a padà fún un.

"Páìpù kò mọ̀wé kà," ló sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́rú, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó wá ìgò ńlá méjì onídèérí. Ó bu omi sí wọn ní ìwọ̀n kan náà. Ó fi tíṣù mẹ́ta sínú ọ̀kan, ó fi wáìpù mẹ́ta irú ti inú ọ̀rá yẹn sínú èkejì. Ó gbé wọn sórí ògiri kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ìyá máa ń jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe iṣẹ́ kan. Àwọn oníbàárà mi ń bá mi jiyàn. Wọ́n ní méjèèjì ló ń yọ́ nínú omi. Ẹ bá mi gbọn wọ́n ní ogún ìgbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀."

Kò purọ́. Òótọ́ ni pé àwọn oníbàárà ń bá a jiyàn.

Ìyá wo àwọn ìgò náà. "Ogún, àbí iye tó bá wù mí?"

"Ogún, mà."

"Omi tútù ni?"

"Tútù bíi ti páìpù."

"O sì wọn omi méjèèjì dọ́gba? Tí wọn ò bá dọ́gba, asán ni gbogbo rẹ̀."

"Mo wọ̀n wọ́n."

"Mú ìwé wá."

Ó ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Tí aago bá ti lù, yóò gbọn ti ọ̀tún, yóò gbọn ti òsì, yóò sì kọ̀wé. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run lọ́jọ́ kìíní, tíṣù ti túká, omi rẹ̀ ti funfun. Wáìpù wà bó ṣe wà. Ìyá kọ ọ́: *Bákan náà.* Wákàtí tó tẹ̀ lé e: *Bákan náà.* Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ìgò, ó mú wáìpù kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un bí ẹni ń fún aṣọ, ó sì tẹ́ ẹ sójú oòrùn. Ó fà á ní ìbú, ó fà á ní òòró. Kò ya.

Nígbà tí púlọ́mbà dé ní ọ̀sán Ẹtì, ìyá ti wà lórí ìdúró.

"Mú mi lọ síbi ihò yẹn."

Ó dì í lápá mú, wọ́n rọra lọ. Ó ṣí ìdérí. Ìyá fi ara ti ọ̀pá, ó wo ìsàlẹ̀.

"Mélòó lo fà jáde?"

"Mo ka mẹ́rìnlélógójì, mà."

"Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ," ìyá wí. "Èmi ni."

"Mọ́mì…"

"Dákẹ́. O ti mọ̀ kó o tó gbé ìgò síwájú mi. Ọgbọ́n lo fi bá mi sọ̀rọ̀, mo sì dúpẹ́. Ohun tí mo kà ni mo tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n aṣọ ni nǹkan yìí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi fọ aṣọ. Ta ló rí aṣọ tó yọ́ nínú omi rí?"

"Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló fà á, mà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn."

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Mọ́tò ọ̀la ṣì ń bọ̀."

Púlọ́mbà rí àkàsọ̀ ilé yẹn lójú ara rẹ̀. Ó rí i bí ilẹ̀kùn ṣe wà ní títì, àti bí ohùn ṣe ń jáde láti ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

"Mọ́mì, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí kó ìgbẹ́ àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Tiyín ni yóò wá rí mi lára?"

"Àwọn yẹn kò bí ìyàwó fún ọ."

 Ó dé ihò náà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdérí kó wọlé dáadáa, ó sì ń ronú bí ó ṣe máa ń ronú nípa páìpù: ibo ni yóò gbà, ibo ni yóò já sí.

"Mo máa ra garawa kékeré tó ní ìdérí," ó sọ níkẹyìn, "kí ó máa gbé ẹ̀gbẹ́ yín, pẹ̀lú ọ̀rá dúdú nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa so ó. Ohun tẹ́ ẹ bá ti so, ẹnikẹ́ni kò ní tú u. Èmi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹrù ni, mo sì máa gbé e bí ẹrù."

Ìyá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bó ṣe yẹ wáìpù wò lójú oòrùn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó máa so ó."

"Ẹ so ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì tó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìfọ̀ráṣòfò ni."

Ìyá yí ọ̀pá rẹ̀ sí ọ̀nà ilé, púlọ́mbà kò sì bi í bóyá mọ́tò ṣì ń bọ̀. Ó ra garawa náà kí ilé ìtajà tó ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ Sátidé, onímọ́tò fọn fèrè níwájú ilé. Ìyàwó jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó wo ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wo ìyá. Ìyá wà nídìí tábìlì pẹ̀lú bíró àti ìwé, àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ," ló wí. "Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Lẹ́tà ló ń kọ sí àwọn tó ń ṣe wáìpù. Púlọ́mbà rọra wo ohun tó kọ: *Ẹ̀yin ọ̀gá, mo gbọn ọjà yín fún ọjọ́ mẹ́ta, ogún ìgbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ kọ sí i lára kì í ṣe òótọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò.*

"Kí ni nọ́ńbà ilé yìí?" ìyá bi í.

Ó sọ ọ́ fún un. Ìyá kọ ọ́ sókè ní apá ọ̀tún, níbi tí ẹni tó ń kọ lẹ́tà máa ń kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí, ó sì fi orúkọ òpópónà sí i.

"Èsì wọn lè pẹ́, Mọ́mì," ọmọ rẹ̀ wí.

"Kó pẹ́," ìyá dáhùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí íǹkì náà kí ó lè gbẹ. "Ibí ni wọ́n á ti bá mi."