Èèkàn Tí Zùwáírátù Ṣí Nípò

Ẹ súnmọ́ bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ bọ́ síwájú, torí mi ò ní pariwo. Ọ̀rọ̀ yìí, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Ọdún 1964 ni, l'Agbowó. Ilé tuntun ti ń pọ̀ ní Bódìjà nígbà yẹn, ilé tó ní ilé ìyàgbẹ́ olómi nínú, ṣùgbọ́n inú odò táwọn ará Agbowó ń pọn ni gbogbo ẹ̀gbin yẹn ń dà sí. Odò dúdú, ó ń rùn, àwọn ọmọdé ń ṣu gbuuru. Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn máa ri páìpù ńlá táá máa kó ẹ̀gbin lọ síbòmíì. Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi Zùwáírátù.

Zùwáírátù yìí ti bímọ méjì, méjèèjì kú. Ìkẹta, Ọmọ́bọ́láńlé, ló dúró, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá ọkọ ẹ̀, Ìyá Àbẹ̀ḿbí, ri ibi ọmọ náà sí, ó sì kìlọ̀ pé, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ hú u o. Ẹni tó bá hú ibi ọmọ, orí ọmọ ló ń dà láàmú."

Ni sọfíọ̀ tó ń wọnlẹ̀ bá wá kan èèkàn olórí pupa sẹ́yìnkùlé, láti fi ojú ọ̀nà páìpù hàn. Ọ̀kan bọ́ sórí ibi ọmọ yẹn gan-an!

Zùwáírátù lọ bá fóòmánù, olórí àwọn òṣìṣẹ́, Ọ̀gá Gbádégẹṣin, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yà fún un.

"Ìyàwó," ọkùnrin yẹn ní, "tí n bá ń yà fún ibi ọmọ n'Ìbàdàn yìí, ojú sánmà ni mo máa ri páìpù sí!" Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe kírun àsùbáà tán, Zùwáírátù fa èèkàn mẹ́ta tu, ó kàn wọ́n sí ìdí ìbẹ́pẹ, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ sí ibi tí wọ́n wà, ó sì fẹsẹ̀ tẹ ojú ihò wọn àtijọ́ pa.

Àwọn agbẹ́lẹ̀ dé, wọ́n tẹ̀ lé èèkàn. Gàfárù ló wà níwájú, kòtò ti mù ún dé ọrùn.

"Ìyá Bọ́láńlé, omi tútù dà? Àbí ẹ fẹ́ fi mí ṣe ẹran gbígbẹ ni?"

Ara tu Zùwáírátù, ó ń bu omi fún un. Ibẹ̀ ni Ìyá Àbẹ̀ḿbí ti tẹ̀pá jáde.

"Ta ló ní kí wọ́n gba ibí?"

"Èèkàn wọn ló wà níbẹ̀, Mà."

"Irọ́ ni. Ṣalángá bàbá ọkọ ẹ wà lábẹ́ ìbẹ́pẹ yẹn. Pákó la fi bò ó ká tó da yẹ̀pẹ̀ lé e. Èmi gan-an ni mo fi han sọfíọ̀, ló fi sá fún un!"

Tí Zùwáírátù bá sọ̀rọ̀, èèkàn á padà sórí ibi ọmọ. Tó bá dákẹ́, Gàfárù ńkọ́? Ó wo Bọ́láńlé tó ń ṣeré lórí yẹ̀pẹ̀. Ó wo kòtò. Díígà Gàfárù ń dún gbì, gbì. Lójijì ó dún kòó, bí ìgbà téèyàn kan ìlẹ̀kùn. Òórùn tú jáde.

"Ta ló só nínú yín?" Gàfárù bi wọ́n. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Gàfárù, jáde!" Zùwáírátù kígbe. "Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Wọ́n fà á lápá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì kúrò létí kòtò tí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ fi ya gbàràrà, tòun ti pákó jíjẹrà. Nǹkan dúdú ru dé ibi tí ọrùn ẹ̀ wà lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá Gbádégẹṣin wọn ilẹ̀ lọ, ó wọ̀n ọ́n bọ̀. Ó wá kọjú sí Gàfárù.

"O yà kúrò lójú ìlà. O fẹ́ pa èèyàn. Máa lọ sílé ẹ."

"Ọ̀gá, èèkàn ni mo tẹ̀ lé! Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Èmi ni," Zùwáírátù ní. "Èmi ni mo ṣí i."

Fóòmánù ò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn mú èèkàn, ó gbá a mọ́ ojú ihò àtijọ́, lórí ibi ọmọ. Ìyá Àbẹ̀ḿbí káwọ́ lórí, kò dá sí i. Gàfárù kan náà ni wọ́n ní kó gbẹ́ ibẹ̀.

Ó ṣí fìlà. "Ìyá Bọ́láńlé, ẹ foríjì mí."

Zùwáírátù pọn Bọ́láńlé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń jù fìrìfìrì. Ẹ̀yìn Zùwáírátù ń gbóná níbi tí ọmọ fara lé. Ṣé oòrùn ni, àbí ara ọmọ? Kò mọ̀. Díígà gòkè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìyá Bọ́láńlé, kí lẹ̀ bá ṣe?